Bàbá Aago àti Fìlà Tí Mo Pa Rẹ́

Wọ́n ní kí n kọ ojú ìwé kan nípa Bàbá àgbà mi, fún ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n fẹ́ pín níbi àdúrà ogójì ọjọ́ wọn. Ojú ìwé kan péré. Kì í ṣe pé mo mọ̀wé o. Èmi ni mo kàn wà nílé lásán. Iṣẹ́ mẹ́ta ni mo ṣe ní A-level lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan ṣoṣo ni mo yege nínú ẹ̀, olùkọ́ tó kọ́ mi ní ọ̀kan yẹn gan-an ní, "Tàófíkì, ṣé ó dá ẹ lójú?" Torí náà, ẹ má retí gírámà lọ́wọ́ mi. Yorùbá tí mo gbọ́ lẹ́nu Bàbá ní Peckham nílùú òyìnbó níbí ni mo fẹ́ fi kọ ọ́. Ibi tí mo bá ti ṣì í sọ, ẹ bá mi tún un ṣe lọ́kàn yín.

Mummy mi ní kí n kọ bí Bàbá ṣe ní sùúrù tó, bí wọ́n ṣe máa ń kírun lásìkò, kí n wá dákẹ́. Wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ Màmá àgbà níbẹ̀ rárá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Mọ́ńdè tó ń bọ̀ yìí ni wọ́n máa mú Màmá kúrò nílé lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ní Nunhead, èmi ni mo sì fà á. Mi ò mọ bí èèyàn ṣe fẹ́ kọ nípa Bàbá kó fo ìyẹn. Mo gbìyànjú ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìlà mẹ́rin ni mo kọ, gbogbo ẹ̀ dà bí ìwé tí wọ́n fi ń wá iṣẹ́.

Tí ẹ bá ti rin Rye Lane rí, ẹ ti kọjá níwájú ìsọ̀ Bàbá, bóyá ẹ ò kàn mọ̀ ni. Ìsọ̀ yẹn ò fẹ̀ ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ó wà láàárín obìnrin kan tó ń ta irun àti Uncle Dèjì tó ń tún fóònù ṣe. "Bàbá Aago" ni gbogbo ọjà ń pe Bàbá. Iṣẹ́ tó ń bọ́ wọn ni bátìrì tí wọ́n ń pààrọ̀ àti bẹ́líìtì aago tí wọ́n ń gé kúrú. Iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ràn yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n máa ń tú aago ọwọ́ àtijọ́ palẹ̀, wọ́n á ju ojú ẹ̀ nù, wọ́n á wá ṣe ojú tuntun fún un, irú èyí tí ẹnì kankan ò tíì rí lọ́wọ́ ẹlòmíì.

Bàbá ò gbà pé òǹkà méjìlá kan náà ló yẹ kó wà lọ́wọ́ gbogbo ayé. Wọ́n á ní, "Aago mẹ́jọ ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ òru bọ̀, àti aago mẹ́jọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ṣé ọ̀kan náà ni?" Èmi á ní bẹ́ẹ̀ ni o, ọ̀kan náà ni, time is time, Bàbá. Wọ́n á wá wò mí bí ẹni tó ń wo aago tí omi ti wọ̀. "Ọ̀gá Ọ̀sán," orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn, torí àsìkò tí mo máa ń jí, "ìwọ tí o ò rí aago mẹ́jọ àárọ̀ rí, kí lo fẹ́ mọ̀ nípa ẹ̀?"

Òfin kan wà tí Bàbá kì í rú. Wọn kì í ṣe aago fún ẹni tí wọn ò tíì bá jókòó láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Wọ́n á ti ìsọ̀ pa, wọ́n á gbé àga kékeré wọn tó ṣeé ká, wọ́n á lọ jókòó sílé ẹni yẹn tàbí ibi iṣẹ́ ẹ̀. Wọn ò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọ́n á kàn máa wò ó. Ìgbà wo ló jẹun? Ìgbà wo ló bínú? Ìgbà wo ló gbójú sókè láìsí ẹni tó pè é? Wọ́n á máa kọ gbogbo ẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, àwọn èèyàn á sì máa rò pé ìmígíréṣọ̀n ló rán wọn wá. Ọkùnrin kan tó ń fọ mọ́tò ní Old Kent Road bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe aago fún òun. Nígbà tó di wákàtí kejì, ara ẹ̀ ò gbà á mọ́, ó ní kí Bàbá bọ́ kóòtù kí òun wò ó bóyá kámẹ́rà wà níbẹ̀. Bàbá bọ́ kóòtù, wọ́n gbé e fún un, wọ́n sì jókòó padà nínú òtútù. Mo ní kí ni gbogbo wàhálà yìí, ṣé ẹ ò kàn lè bi í léèrè ohun tó fẹ́ ni? Wọ́n ní, "Aago tí mo bá ṣe láìjókòó, ara mi ni mo ṣe é fún."

Mummy Fúnmi, aláṣọ funfun, tí ṣọ́ọ̀ṣì wọn wà nínú ilé ẹrù àtijọ́ kan ní ọ̀nà Old Kent Road yẹn náà, ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó láti ilé dé ilé. Ibi iṣẹ́ wọn ò gbà kí wọ́n wọ nǹkan kan sí ọrùn ọwọ́. Ọ̀rẹ́ Bàbá kan ní Stockwell wà lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú, ibẹ̀ ni Bàbá lọ jókòó sí. Aago tí Bàbá ṣe fún Mummy Fúnmi ò ní bẹ́líìtì, kò sì ní gíláàsì. Inú àpò ni wọ́n ń há a sí. Àwọn kókó kéékèèké ló wà lójú ẹ̀, tí èèyàn lè fi àtàǹpàkò mọ ibi tí abẹ́rẹ́ dé, láìyọ ọ́ síta. Mummy Fúnmi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Bàbá, ṣé ẹ rò pé mo ti fọ́jú ni? Ojú mi mọ́lẹ̀ kedere ní orúkọ Jésù." Bàbá dáhùn láìrẹ́rìn-ín. Mo wà níbẹ̀, mò ń jẹ adìyẹ díndín, mo sì gbọ́ ọ. "Kò sí ohun tó ń dun arúgbó tó kí ẹni tó ń wẹ̀ ẹ́ máa wo aago."

Uncle Dèjì àti Bàbá, ojoojúmọ́ ni ìjà wọn. Uncle Dèjì ń ta àwọn aago tó ń bá fóònù sọ̀rọ̀, ó sì fẹ́ kí Bàbá wọ ọ̀kan dandan.

"Bàbá, èyí á máa ka ìgbésẹ̀ yín láti àárọ̀ dalẹ́."

"Ta ló rán an?"

"Á tún máa sọ fún yín bí ọkàn yín ṣe ń lù."

"Ọkàn mi? Ọjọ́ tí mi ò bá gbọ́ ọ mọ́, mo ti kú nìyẹn. Ṣé á wá bá mi ní sàréè ni?"

Uncle Dèjì fi ọwọ́ lu tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn ìyẹn, ojú ẹ̀ padà. Ó ní, "Ẹ má bínú o, Bàbá. Àwọn aago tiyín yìí, ẹnì kọ̀ọ̀kan ló lè ka tiẹ̀. Tí ẹ ò bá sí mọ́, ta ló máa bá wọn tún un ṣe?"

Bàbá fi ẹ̀mú tín-ín-rín ọwọ́ wọn tọ́ka sí mi. Uncle Dèjì tún bẹ̀rẹ̀ ẹ̀rín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo rò pé àwàdà ni. Mo ní ọwọ́ tèmi yìí ò lè mú ju fóònù lọ. Bàbá dorí kọ aago tó wà níwájú wọn. Wọ́n ní, "Ọwọ́ ẹ̀ dáa. Àga ni kò lè jókòó sí."

Wọ́n ṣe aago fún èmi náà. Ọdún tí mo fẹ́ ṣe ìdánwò GCSE ni. Mo jí lọ́jọ́ Sátidé kan, mo rí Bàbá lórí àga kékeré wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, ìwé lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú. Wọ́n ní, "Láti aago méje ni mo ti wà níbí. Mi ò tíì rí nǹkan kan kọ." Aago tí wọ́n ṣe fún mi, abẹ́rẹ́ kan ló ní àti àmì mẹ́ta: Dìde. Jáde. O ti pẹ́. "O ti pẹ́" yẹn nìkan gba ju ìdajì ojú aago lọ, wọ́n fi ọ̀dà pupa kùn ún. Mo wọ̀ ọ́ lọ sí skúùlù lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó jókòó tì mí ní kí ni wọ́n kọ síbẹ̀, mo túmọ̀ ẹ̀ fún un bí aláìlọ́gbọ́n, láti ìgbà yẹn "You're late" ló di orúkọ mi. Mo bọ́ ọ sínú báàgì bọ́ọ̀lù, báàgì yẹn sì sọnù. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń sá fún Bàbá kí n tó lè jẹ́wọ́. Wọn ò bínú. Wọ́n ní, "Kò burú. Ibi yòówù kó wà, òótọ́ ló ń sọ."

Mo lè máa bá irú èyí lọ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ó rọrùn fún mi láti máa dẹ́rìn-ín pa yín. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Màmá ni mo ń sá fún.

Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò lọ́kàn Màmá. Orúkọ wa ló kọ́kọ́ lọ. Tèmi kọ́kọ́ lọ jù, mi ò bínú, èmi náà á gbàgbé ara mi tí mo bá láǹfààní ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni òǹkà lọ. Màmá á wo aago ara ògiri bí ẹni tó ń wo àwòrán ilẹ̀ ibi tí kò dé rí. Lẹ́yìn náà, Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í wá Bàbá. Bí Bàbá bá ti jáde lọ sí ìsọ̀ báyìí, kí ẹ tó ka mẹ́wàá, Màmá ti wọ bàtà. Ọlọ́pàá rí wọn lọ́jọ́ kan láàárín àwọn mọ́tò ní Old Kent Road, bàtà ilé ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Màmá sọ fún ọlọ́pàá pé, "Mò ń gbé oúnjẹ lọ fún ọkọ mi ni." Ṣíbí kan ló wà lọ́wọ́ wọn, kò sí oúnjẹ.

Obìnrin kan wá láti kánsù. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Ó ní tí irú èyí bá tún ṣẹlẹ̀, àfi ká wá ibi tí wọ́n á máa ti ilẹ̀kùn mọ́ Màmá. Bàbá fi ọ̀wọ̀ sìn ín dé ìsàlẹ̀, wọ́n padà sókè, wọ́n gbé àga kékeré wọn síwájú ìyàwó wọn.

Ọjọ́ kan ni Bàbá máa ń fún gbogbo ayé. Ọjọ́ méje ni wọ́n fún Màmá. Wọ́n ti ìsọ̀ pa fún odidi ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ń wò, wọ́n ń kọ ọ́. Màmá á bi wọ́n pé, "Ẹ̀yin wo nìyí?" Bàbá á ní, "Èmi aláago ni." Màmá á ní, "Ẹ káàbọ̀ o. Ọkọ tèmi náà ń ṣe aago. Ó ń bọ̀." Ní ọjọ́ keje, mo gbé tíì wọlé, mo rí i pé Bàbá ti ń sunkún. Mi ò rí i rí. Mo mu tíì yẹn fúnra mi. Wọ́n ní, "Ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta tí a ti jọ wà, mi ò tíì jókòó wò ó rí."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ṣe aago Màmá. Abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo, tó máa ń lo ọ̀sán àti òru kó tó yí po lẹ́ẹ̀kan. Kò sí òǹkà kankan níbẹ̀. Àwòrán ni wọ́n yà sí i, pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì tí irun ẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: kẹ́tù omi tíì, oògùn, ẹní ìkírun, àwo oúnjẹ, tẹlifíṣọ̀n. Níbi aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, wọ́n ya fìlà wọn síbẹ̀, fìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n máa ń gẹ̀ sápá kan. Aago mẹ́fà ni Bàbá máa ń délé. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn dípò kí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, kí Màmá lè jẹ́ ẹni tó ṣí i. Màmá á wo ọwọ́ wọn, wọ́n á rí i pé abẹ́rẹ́ ti kan fìlà, wọ́n á ṣílẹ̀kùn, Bàbá á wà níbẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́. Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé ẹ̀ fún ẹni tí kò rí i. Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Màmá á dìde, wọ́n á wá bàtà, wọ́n á wo ọwọ́. "Kò tíì kan fìlà." Wọ́n á jókòó. Ní ọ̀sán, bákan náà. "Kò tíì kàn án." Ó lé ní ọdún kan tí Màmá ò jáde lẹ́ẹ̀kan.

Ṣùgbọ́n ó gba pé kí Bàbá wà níbẹ̀ ní aago mẹ́fà lójoojúmọ́, wọ́n sì wà níbẹ̀. Wọ́n fi ìgbéyàwó sílẹ̀ kí ìyàwó tó wọlé. Wọ́n kúrò níbi ìsọmọlórúkọ, ọmọ náà ò tíì ní orúkọ. Ní ìgbà kan, bọ́ọ̀sì wa dúró ní Camberwell, kò lọ, kò bọ̀. Bàbá sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin tí orúnkún ẹ̀ ń ké bí ilẹ̀kùn. Mò ń mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn wọn. Mo ní Bàbá, nítorí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, Màmá ò lè mọ̀. Wọn ò dúró. Wọ́n ní, "Aago tó bá purọ́ lẹ́ẹ̀kan ti di ẹ̀gbà ọwọ́."

Ọjọ́ tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun Bàbá, Mummy wà níbi iṣẹ́, aládùúgbò kan bá wa jókòó ti Màmá di aago márùn-ún. Èmi ni mo tẹ̀ lé Bàbá lọ sí ọsibítù. Dókítà yẹn gbọ́n, ó sì ṣe sùúrù. Ó ní ọkàn Bàbá ò dáa, kí wọ́n sùn síbẹ̀ mọ́jú. Bàbá wo ọwọ́ wọn. Wọ́n ní, "Ẹ ṣeun, dókítà. Mo ní ẹni tó ń dúró dè mí."

Ìgbà yẹn ló yẹ kí n sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí n ní, "Bàbá, ẹ dùbúlẹ̀, èmi á lọ bá Màmá." Ìlà kan péré ni. Mi ò sọ ọ́. Ṣé ẹ mọ ìdí? Àwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù ní Peckham Rye ní aago méje, mo sì ṣe ìṣirò ẹ̀ nínú orí mi pé tá a bá tètè délé, mo ṣì lè bá wọn. Ìṣirò nìkan ṣoṣo tí mo tíì gbà nínú ayé mi nìyẹn. Dókítà bẹ̀ wọ́n, ó tún bẹ̀ wọ́n. Bàbá fọwọ́ sí ìwé pé àwọn fúnra wọn ló fẹ́ lọ, a wọ bọ́ọ̀sì. Wọ́n di irin iwájú wọn mú, òógùn bo ojú wọn. Mo ní, "Bàbá, ṣé ó ń dùn yín?" Wọ́n ní, "Ó ń dùn mí. Ṣùgbọ́n a ò ní pẹ́."

A ò pẹ́ lóòótọ́. Wọ́n kan ilẹ̀kùn, Màmá ṣí i. Mo sáré lọ gbá bọ́ọ̀lù mi. Mo tiẹ̀ gbá góòlù kan wọlé. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta, Bàbá jókòó láti wọ bàtà, wọn ò sì dìde mọ́.

A sin wọ́n lọ́jọ́ kejì. Àwọn ìyá láti mọ́sálásí wá jókòó ti Màmá nítorí opó. Ìyàwó tí ọkọ ẹ̀ kú máa ń wà nínú ilé fún oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Màmá ń bá wọn dárò. Wọ́n ń di ọwọ́ àwọn ìyá yẹn mú, wọ́n ń ní, "Ọlọ́run á tù yín nínú. Ta ló kú?" Mummy sọ ọ́ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Màmá ké, gbogbo ilé gbọ́. Nígbà tó di aago mẹ́fà, abẹ́rẹ́ kan fìlà, wọ́n lọ sẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kejì, Mummy tún sọ ọ́, Màmá tún ké bí ẹni tí kò gbọ́ ọ rí. Ọjọ́ kẹta, èmi ni mo sọ ọ́. Mi ò ní sọ bí ìyẹn ṣe rí. Mummy fà mí wọ kíṣìnì, wọ́n ní, "Ó tó. Èèyàn kì í gbọ́ ikú ọkọ ẹ̀ lójoojúmọ́."

Láti ìgbà yẹn, bó bá ti di aago mẹ́fà, Màmá á lọ dúró, ọwọ́ wọn á wà lára kọ́kọ́rọ́. Nǹkan bíi wákàtí kan. Á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á jókòó, wọ́n á jẹun. Wákàtí kan lójúmọ́, gbogbo ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mummy wà níbi iṣẹ́ ní àsìkò yẹn. Èmi ni mo máa ń rí i. Èmi ni mi ò lè fara dà á.

Ni mo bá lo ọpọlọ mi, ẹ ti mọ bí ìyẹn ṣe máa ń parí. Mo ní fìlà yẹn ló ń fa ìyà. Tí mo bá pa fìlà rẹ́, Màmá ò ní dìde mọ́, ọkàn wọn á balẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ Túsìdeè kan, Màmá ń sùn, mo bọ́ aago lọ́wọ́ wọn. Mo jókòó sídìí tábìlì Bàbá. Mo ṣí i láìha á rárá. Mo fi òwú bọ oògùn tí wọ́n fi ń fọ ọ̀dà, mo nù ún. Fìlà yẹn lọ kí n tó mí lẹ́ẹ̀mẹta. Inú mi dùn. Mò ń sọ fún ara mi pé wò ó, ìwọ náà ti di aláago. Mo dá a padà sọ́wọ́ Màmá, wọn ò tiẹ̀ jí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá Màmá lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Màmá, ẹ wá jókòó, ẹ mu tíì."

"Bàbá Sìkírà ń bọ̀." Sìkírà ni orúkọ Mummy mi.

"Àárọ̀ ṣì ni o, Màmá. Kò tíì tó."

"Ta ló sọ fún ẹ?" Wọ́n na ọwọ́ wọn sí mi lójú. "Wò ó dáadáa. Níbo ló ti sọ pé kò tíì tó?"

Ibẹ̀ ló ti yé mi. Fìlà yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ wà nítorí aago mẹ́fà. Láti àárọ̀ dalẹ́, òun ló ń sọ fún Màmá pé kí wọ́n jókòó ná. Èmi, wákàtí kan tó dun èmi ni mo wò. Mi ò jókòó wo wákàtí mẹ́tàlélógún tó kù. Ní báyìí, gbogbo ìgbà ló ti tó àsìkò tí Bàbá máa dé. Màmá ò jókòó mọ́. Ẹsẹ̀ wọn wú. Wọ́n ń fi ọwọ́ ti oúnjẹ sẹ́yìn, wọ́n ní ọkọ àwọn ò tíì jẹun.

Mo gbìyànjú láti yà á padà. Mo yà á lẹ́ẹ̀mẹfà. Màmá wò ó, wọ́n ní, "Ìkòkò rèé. Ṣé ebi ń pa ẹ́ ni, ọmọ?" Lọ́jọ́ Sátidé, mo wà ní balùwẹ̀, mo gbàgbé kọ́kọ́rọ́ sára ilẹ̀kùn. Wákàtí mẹ́rin la fi wá Màmá. Ibi tí bọ́ọ̀sì ń dúró ni wọ́n ti rí wọn, wọ́n ń wo ojú gbogbo ọkùnrin tó ń sọ̀ kalẹ̀.

Obìnrin kánsù padà wá. Ó ṣì ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mummy ò lè fi iṣẹ́ sílẹ̀, èmi náà sì ni wọ́n fi ń ṣọ́ Màmá, ẹ sì ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Àyè kan ṣí sílẹ̀ ní Nunhead. Mummy fọwọ́ sí i. Ohun tó ń pa wọ́n lẹ́kún jù ni pé Màmá ò ní lè parí opó nílé ọkọ wọn.

Mo jẹ́wọ́ fún Mummy lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mummy mi, tó máa ń pariwo mọ́ ṣíbí tó bá bọ́ lọ́wọ́ wọn, wọn ò pariwo. Wọ́n gba aago, wọ́n wo ibi tí fìlà wà tẹ́lẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé o bá wọn jókòó ná, ìwọ ọmọ yìí?"

Ọjọ́ Sátidé míì ni òní. Báàgì Màmá ti wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, Mummy ti kọ orúkọ sára gbogbo aṣọ wọn. Mo gbé àga wá síbẹ̀ láti àárọ̀, mo jókòó. Màmá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ wọn wà lára ilẹ̀kùn tá a ti tì pa. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n rí báàgì yẹn.

"Ta ló ń rìnrìn àjò?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ọjọ́ Mọ́ńdè."

Wọ́n rò ó. "Bàbá Sìkírà ńkọ́? Tí wọ́n bá dé tí mi ò sí nílé, ta ló máa ṣílẹ̀kùn fún wọn?"

Mo ní, "Èmi ni."

Màmá wò mí látòkè délẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ gba ọmọ ọ̀dọ̀, tí kò sì ní ẹlòmíì tó lè gbà. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fi ẹnu sí etí mi.

"Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n máa ń kàn án o. Má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n rò pé kò séèyàn ńlé."